Ta Ló Ṣíná Ọkọ̀ Dádì Lará?

Dúdú ni ọ́ìlì tó wà lẹ́nu géèjì tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì ọkọ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Inspẹ́kítọ̀ Nimat Ràímì fi àkísà nù ún, ó ti géèjì bọ inú ẹ́ńjìnnì padà, ó sì tún fà á yọ. Dúdú náà ni. Ó sì kún dé ojú àmì.

Ó wo abọ́ ńlá tó wà lẹ́bàá ògiri. Kọ́ńdẹ́m ló kún inú rẹ̀, ọ́ìlì àtijọ́ tí wọ́n ti tú jáde lábẹ́ ẹ́ńjìnnì. Ó wo gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì tuntun tó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ abọ́ náà. Kò ku ẹ̀kán kan nínú rẹ̀. Nimat wá ibi kan jókòó sí nínú àgbàlá náà, ó di orí mú. Ohun tó rí yìí, ì bá dùn mọ́ ọn ká ní kò rí i.

Àgbàlá Ọ̀gbẹ́ni Olújìmí nìyí, ní àdúgbò kan ní Ìkòsí. Dádì Lará ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí. Àárọ̀ Sátidé ni ọkọ̀ já lé e mọ́lẹ̀ níbi tó ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì jíìpù rẹ̀ fúnra rẹ̀. Wọ́n ti sin ín. Lójú àwọn ọlọ́pàá, ọ̀rọ̀ náà ti tán: jáàkì tó fi gbé ọkọ̀ sókè ló yẹ̀, Àyàntúndé mẹ́káníìkì ló ni jáàkì, òun àti olóògbé ò sì rẹ́ tẹ́lẹ̀. Wọ́n mú Àyàntúndé. Wọ́n lù ú. Ó jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ pé jáàkì náà ti bàjẹ́ kí òun tó yá wọn. Ọ̀la ni wọ́n ó gbé e lọ sí kóòtù fún ẹ̀sùn ìpànìyàn.

Fọ́tò ọkọ̀ lásán ni wọ́n ní kí Nimat wá yà, kí fáìlì lè pé. Kò sẹ́ni tó ní kó fa géèjì yọ.

Àmọ́ ọkọ̀ típà ni bàbá Nimat fi ń kó yanrìn láti Agboyi títí wọ́n fi jáde láyé, Nimat ló sì máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú fún wọn tí wọ́n bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Ó mọ ohun tí àwọn tó ń wa ọkọ̀ oní-pẹtiróòlù kì í mọ̀. Ọ́ìlì ọkọ̀ wọn máa ń pẹ́ kó tó ṣú. Ti ọkọ̀ tó ń lo díísù, bíi jíìpù yìí, ò rí bẹ́ẹ̀. O lè rọ ọ́ tuntun kó máa dán bí oyin, bí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀, èéfín inú rẹ̀ á sọ ọ́ di dúdú kirikiri. Ọ́ìlì tuntun ló wà nínú ọkọ̀ yìí. Ó ti dúdú. Ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí Dádì Lará pààrọ̀ ọ́ìlì tán. Kí ló wá tún ń wá lábẹ́ ọkọ̀?

Ó dìde, ó wo ilẹ̀. Àgbàlá náà da gẹ̀rẹ́ sí ọ̀nà géètì, wọ́n sì fi òkúta kan dènà táyà ẹ̀yìn kí ọkọ̀ má baà yí padà sẹ́yìn. Òkúta náà ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àlàfo tó wà láàárín rẹ̀ àti táyà fẹ̀ tó ibi tí èèyàn lè kó ẹsẹ̀ méjèèjì sí. Ọkọ̀ náà ti lọ síwájú, ó gun òkè. Ọkọ̀ kì í sì í gun òkè tí nǹkan kan ò bá tì í.

Ó ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ó fa háńbìréèkì, ó dẹ̀ pátápátá, kò di nǹkan kan mú. Jíà wà ní ipò àkọ́kọ́. Wọ́n ti fa àga síwájú; nígbà tó jókòó, orúnkún rẹ̀ kan sítíárìn, bẹ́ẹ̀ òun alára ò ga. Dádì Lará sì rèé, gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé ó máa ń tẹ̀ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ wọlé.

Kò sí kọ́kọ́rọ́ lójú ibi tí wọ́n ti ń ṣíná ọkọ̀.

*

Màríyámọ̀ tó ń ta èédú lẹ́yìn ògiri ló sọ bí ìjà náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí Dádì Lará ti ń wa mọ́tò, pẹtiróòlù ni gbogbo rẹ̀, àfi jíìpù yìí. Àyàntúndé ló bá a pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ilẹ̀ mọ́, Dádì Lará fa géèjì, ó bá ọ́ìlì tó dúdú, ló bá fi ariwo bọnu. Ó ní kọ́ńdẹ́m ni Àyàntúndé rọ sínú ọkọ̀ òun, ó pè é lólè níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Àyàntúndé búra títí, ẹnu rẹ̀ gbẹ. Látìgbà náà ni Dádì Lará ti ní òun ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ọ́ìlì òun mọ́, òun á máa ṣe é fúnra òun.

Nimat bi í pé kí ló gbọ́ ní àárọ̀ Sátidé.

"Mo gbọ́ tí mọ́tò bú, gbàà, bí ẹni tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ gbì. Gbogbo ẹ̀ wá dákẹ́."

"Mọ́tò ló kọ́kọ́ bú, kó tó já?"

"Òun ló kọ́kọ́ bú. Ṣé n ó wá parọ́ mọ́ òkú ni? Mo sọ fáwọn ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ wá, wọ́n ní kí n lọ máa ta èédú mi."

Nimat dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sọ fún un pé òun mọ àwọn ọlọ́pàá náà.

*

Jáàkì náà wà lórí tábìlì Ọ̀gá Gbénró ní téṣàn, wọ́n so pálí mọ́ ọn lọ́rùn. Ọ̀gá Gbénró ló ń darí ẹ̀ka ìwádìí, wọ́n sì ti ń kó ìwé wọn jọ láti relé nígbà tí Nimat wọlé.

Nimat ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n wo jáàkì náà. Wọ́n ní àwọn ti wò ó.

"Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe bá a lábẹ́ ọkọ̀?"

"Bó ṣe wà yẹn náà ni. Ó dùbúlẹ̀. Àwọn aládùúgbò fọwọ́ gbé ọkọ̀ ni, wọn ò fọwọ́ kàn án."

"Ó ṣì nà jáde, sà. Jáàkì tó bá jìn, ṣe ló máa ń wọlé padà sínú ara ẹ̀, a ò ní bá a ní nínà. Eléyìí ò jìn. Ọkọ̀ ló tì í ṣubú. Ọkọ̀ ló rìn."

Ọ̀gá Gbénró wo jáàkì, wọ́n wo Nimat. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ rìn, a jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ àwọn ti yẹ ọ́ìlì wò, ó dúdú, olóògbé ò tíì pààrọ̀ nǹkan kan rárá tí ọkọ̀ fi já. Nimat ṣàlàyé ọ̀rọ̀ díísù fún wọn. Ó rí i pé ó yé wọn. Ó tún rí i pé inú wọn ò dùn sí i pé ó yé wọn.

"Ó ti fọwọ́ síwèé, Nimat."

"Ọwọ́ wo ló fi fọwọ́ sí i, sà?"

Ọ̀gá Gbénró ní kó mú ẹni tó ṣíná ọkọ̀ wá kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí kò bá rí i mú, Àyàntúndé ń lọ sí kóòtù, èyí tó bá sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, adájọ́ ni yóò mọ̀ ọ́n.

Nimat gba ibi àtìmọ́lé kọjá. Àyàntúndé jókòó sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé àyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ìka rẹ̀ ti wú, wọn ò ká mọ́. Nimat bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun ti mọ̀ pé jáàkì náà ò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà mi orí.

"Màdáámù, ẹ jẹ́ n máa lọ sí kóòtù. Tí mo bá tún ní mi ò ṣe é, wọ́n á tún gbé mi lọ sẹ́yìn lọ lù."

*

Mọ́mì Lará, Adédiwúrà lórúkọ rẹ̀ gangan, wà lórí ẹní nínú pálọ̀, àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì yí i ká. Nimat kí wọn kú ìrọ́jú, ó bẹ àwọn obìnrin náà pé kí wọ́n yọ̀ǹda àwọn fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó ku àwọn méjì, ó bèèrè kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Mọ́mì Lará fi orí júwe ìṣó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ náà ń fì níbẹ̀.

"Ta ló so ó kọ́, mà?"

"Ibẹ̀ ló máa ń wà."

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó já ní Sátidé. Ẹnì kan ló pa á, tó yọ kọ́kọ́rọ́. Dádì Lará kọ́ ló jáde lábẹ́ ọkọ̀ wá so ó kọ́ síbí."

Ìyá náà ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀ po. Lẹ́yìn náà ló ní ọ̀rọ̀ náà ti ń jó òun nínú, òun ò sì lè gbé e mọ́.

"Èmi ni. Wọ́n ti ṣe ọ́ìlì tán, wọ́n rí i pé ó ṣì ń kán lábẹ́. Wọ́n padà wọ abẹ́ ọkọ̀, wọ́n ní kí n ṣíná ọkọ̀, káwọn lè wo ibi tó ti ń kán. Mo ṣí i, ó fò. Ẹ mú mi, ẹ fi Àyàn sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo lọ yá jáàkì lọ́wọ́ ẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ìwọ̀sí tí Dádì fi lọ̀ ọ́, ó gbé e fún mi, ó ní kí n bá òun kí wọn."

Gbogbo rẹ̀ bára mu. Obìnrin náà kúrú. Òun ló máa ń wa jíìpù náà lọ kó iṣu ní Mile 12. Ó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Nimat ì bá kọ ọ́ sílẹ̀ kó sì máa lọ, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ṣì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní kí wọ́n jọ lọ síbi ọkọ̀, kí wọ́n fi han òun bí wọ́n ṣe ṣe é.

Mọ́mì Lará jókòó sẹ́yìn sítíárìn. Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ríran. Ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ojú ihò. Kó tó yí i, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti tẹ kíláàṣì mọ́lẹ̀ pátápátá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti ń mi jíà, ó ń yọ ọ́ kúrò nínú ipò àkọ́kọ́.

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, mà," ni Nimat wí. "Ẹ wo ẹsẹ̀ òsì yín."

Obìnrin náà wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ kó tó yé e. Nígbà tó yé e, ó tètè gbé ẹsẹ̀ náà kúrò bí ẹni tẹ iná.

Nimat fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ ṣàlàyé. Ọkọ̀ yìí ò ní háńbìréèkì, nítorí náà inú jíà ni wọ́n máa ń fi í sí tí wọ́n bá gbé e dúró. Ẹni tó bá ti wà á rí mọ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣí i láìtẹ kíláàṣì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò fò. Ẹsẹ̀ Mọ́mì Lará mọ̀ ọ́n débi pé kò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ orí mọ́. Ẹni tó ṣí i ní Sátidé ò mọ̀. Ọkọ̀ tí kò ní kíláàṣì rárá lẹni náà fi kọ́ mọ́tò, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ọ̀tò, tó jẹ́ pé kí èèyàn ṣáà yí kọ́kọ́rọ́ ni.

"Níbo ni Lará wà, mà?"

Mọ́mì Lará bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ sórí ibi tí ọ́ìlì ti ta sílẹ̀. Nimat ń gbìyànjú láti gbé e dìde, kò dìde.

"Inspẹ́kítọ̀, ẹ kọ ọ́ pé èmi ni. Ta ló máa mọ̀? Mo jẹ́wọ́ fún yín, kí lẹ tún ń fẹ́? Ọmọ yẹn ló kù fún mi. Tí ẹ bá sọ fún un lójúkojú pé òun ló pa bàbá ẹ̀, ẹ ti pa òun náà nìyẹn."

Ó wu Nimat kó gbà. Ó wù ú gan-an. Ó ti rí pẹ́ǹ, ó ti rí bébà, obìnrin náà sì ń nawọ́ láti fọwọ́ sí i. Ẹni kejì rèé tí yóò jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe nínú ẹjọ́ kan ṣoṣo, ẹni tó ṣe é sì wà níbì kan, kò tíì sẹ́ni tó bi í léèrè.

"Ẹnì kan ti jẹ́wọ́ irọ́ fún wa tẹ́lẹ̀, mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ ni."

*

Ní Magodo, níbi tí Mọ́mì Lará padà júwe fún Nimat, àwọn gáàdì dá a dúró lẹ́nu géètì títí wọ́n fi pe ilé. Ilé ẹ̀gbọ́n Mọ́mì Lará ni, Uncle Akínbíyì. Ibẹ̀ ni Lará ti lo ìsinmi, níbi tí uncle rẹ̀ ti ń fi ọkọ̀ ọ̀tò kọ́ ọ ní mọ́tò ní ojú ọ̀nà inú ẹ̀sítéètì tí kò sí èrò. Aunty Vivian, ìyàwó uncle náà, ló ṣílẹ̀kùn. Ó ní ọmọ náà ò jẹun, kò sùn, kò sì sí ohun tí ọlọ́pàá ń bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ sọ láìsí lọ́yà. Ọ̀rọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí Lará sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó ti wọ bàtà.

Ó kéré lójú, ó kéré níbàdí. Ó kúnlẹ̀ kí Nimat, ó sì jókòó sí etí àga.

"Lará, ṣé ìwọ lo ṣíná ọkọ̀?"

"Èmi ni, mà," ni ó wí. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bi mí."

Aunty Vivian fi ọwọ́ bo ẹnu. Lará ò wò ó. Ó ń sọ ọ́ lọ ní ohùn kan náà, bí ẹni ń ka ìwé. Ó ní inú òun dùn láàárọ̀ ọjọ́ náà, òun ti ń bẹ Dádì tipẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun fọwọ́ kan ọkọ̀ wọn. Dádì rọ ọ́ìlì tán, wọ́n ṣí i fúnra wọn, wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀, wọ́n sì pa á. Wọ́n fa géèjì láti wò ó. Ọ́ìlì tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rọ ti dúdú. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Wọ́n wá ní àwọn ti ba ọmọlọ́mọ lórúkọ jẹ́, tí àwọn bá ti fọ ọwọ́ tán, àwọn máa lọ bẹ Àyàn níwájú gbogbo àwọn tí àwọn bú u lójú wọn. Ìgbà náà ni wọ́n rí i tó ń kán lábẹ́, wọ́n sì padà wọlé sábẹ́ ọkọ̀.

"Wọ́n ní, 'Lará, ṣí i fún mi.' Mo fa àga síwájú kí ẹsẹ̀ mi lè tólẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́."

Nimat ò kọ̀wé mọ́. Lará ní Mọ́mì ló sáré jáde wá pa ọkọ̀, tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n ti òun gba ọ̀nà ẹ̀yìn, tí wọ́n ní kí òun gun ọ̀kadà máa lọ sí Magodo, kí òun má sì ya ẹnu òun sọ́rọ̀ náà. Wọn ò tíì bá òun sọ ọ́ láti ìgbà náà. Níbi ìsìnkú, Mọ́mì kàn di òun lọ́wọ́ mú ṣinṣin ni.

"Gbogbo èèyàn ń gbé Uncle Àyàn ṣépè níbẹ̀, mà. Wọ́n ní kó má rí ọwọ́ ṣiṣẹ́ mọ́. Èmi náà ń ṣe àmín."

Aunty Vivian bú sẹ́kún. Nimat fẹ́ sọ fún ọmọ náà pé jàǹbá ni, pé kò sẹ́ni tó lè pè é ní apànìyàn. Ó ronú kan Ọ̀gá Gbénró, ó ronú kan jáàkì tí wọ́n so pálí mọ́ lọ́rùn, ó rí i pé òun ò ní agbára láti ṣèlérí kankan. Ó kàn ní kí wọ́n máa lọ.

*

Oòrùn ò tíì wọ̀ tán nígbà tí wọ́n dé téṣàn. Ọ̀gá Gbénró ka ohun tí Lará kọ, wọ́n tún un kà, wọ́n sì bọ́ awò ojú wọn sílẹ̀. Wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kí wọ́n mú Àyàntúndé jáde, kí ọmọ náà sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí àwọn yóò fi mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Kò sẹ́ni tó bèèrè ẹni tó lu ọkùnrin náà.

Àyàntúndé jáde láìwọ bàtà. Ọ̀sán tó ṣẹ́kù ń gún un lójú. Kò sẹ́ni tó tíì sọ nǹkan kan fún un; ó rò pé kóòtù ni wọ́n tètè fẹ́ gbé òun lọ. Ó rí Lará lórí bẹ́ǹṣì, ó sì dúró. Ó ti mọ ọmọ náà láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé e pọ̀n wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nimat ṣí ẹnu láti dá a lẹ́kun, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ti tẹ̀ba síwájú ọmọ náà.

"Lará, kú ara fẹ́ra kù," ni ó wí. "Ọlọ́run rí mi, mi ò mọ̀ pé jáàkì yẹn ti bàjẹ́. Wọ́n sọ ọ́ fún mi títí, èmi náà ti wá rí i pé òótọ́ ni, ó yẹ kí n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa kí n tó gbé e fún mọ́mì ẹ. Dárí jì mí."

Lará yọ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì, ó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Àyàntúndé rò pé ìbànújẹ́ ló gbé e ṣubú. Ó na ọwọ́ òsì, èyí tó ṣì lè ká, láti fà á dìde.